Ẹ gba káàṣì lọ́wọ́ aráàlú

Ọ̀rọ̀ tá a ti ń sọ látọjọ́ yìí náà la tún fẹ́ sọ, torí ó jọ pé kò wọ àwọn aláṣẹ létí. Ọ́fíìsì ìjọba kankan ò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ fáráàlú pé òun ò gba káàṣì mọ́. Ìwé tẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ ojú wíńdò yẹn, ẹ já a kúrò.

A ò bá tàǹsífà jà o. Àwa náà ń lò ó, ó yá, kò sì ní wàhálà nígbà tó bá ṣiṣẹ́. Ìgbà tí ò bá ṣiṣẹ́ lọ̀rọ̀ wà. Ìyá àgbàlagbà kan dúró níwájú wíńdò, owó tó pé géérégé wà lọ́wọ́ ẹ̀, akọ̀wé ní kó lọ wá ẹni tó máa bá a fi fóònù san án. Ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ti san tiẹ̀, alẹ́ẹ̀tì ti wọlé pé wọ́n ti yọ owó, wọ́n làwọn ò rí nǹkan kan, kó lọ jókòó. Owó bébà ńkọ́? O nà án sí i, ó kà á, ó já rìsíìtì fún ẹ, o ń lọ nìyẹn.

Wọ́n á ní ayé ti lajú. Sweden ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ owó bébà ní Yúróòpù, lọ́dún 1661, wọ́n sì wà lára àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á tì pátápátá, síbẹ̀ nínú ìwé ìmúrasílẹ̀ ogun àti àjálù tíjọba wọn pín láti ilé dé ilé ní 2024, wọ́n ní kí kálukú tọ́jú káàṣì pamọ́. Norway ò tiẹ̀ fi mọ sí ìmọ̀ràn, láti oṣù kẹwàá ọdún yẹn ni òfin wọn ti ki ẹ̀tọ́ oníbàárà láti fi káàṣì sanwó ní ṣọ́ọ̀bù láyà. Nígbà tí iná lọ ní Spain àti Portugal lọ́jọ́ 28 oṣù kẹrin 2025, tí ẹ̀rọ káàdì kú, ẹni tó ní bébà lápò ló rí nǹkan rà lọ́pọ̀ ibi.

Wọ́n tún ní torí olè ni. Olè tó wà lọ́fíìsì yín, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, ẹ mú un! Ẹ má fìyà ẹ̀ jẹ ìyá tó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wá sanwó.

Kí òfin sọ ọ́ kedere pé gbogbo ọ́fíìsì tó ń gbowó lọ́wọ́ aráàlú gbọ́dọ̀ ní wíńdò kan tó ń gba káàṣì, tó sì ń já rìsíìtì. Wíńdò kan péré la ń bèèrè.