Ẹ má tíì gbé iyán síwájú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé àpòlúkù ẹ̀

Gbogbo ilé tí mo mọ̀, láti Àjàṣẹ́ dé Kétu dé Ṣábẹ, ló gbà pé òkèlè ló rọrùn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn, torí a kì í jẹ ẹ́ lẹ́nu, a kàn ń gbé e mì ni, ọbẹ̀ ilá á bá a yọ̀ lọ sísàlẹ̀, ó parí. Ẹran ló le, ẹja ló légungun, ẹ̀wà ló ń wúnú, àmọ́ iyán, télíbó, ẹ̀bà, àwọn yẹn rọ̀. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Fún ẹni tí wọ́n ṣe ọpẹráṣọ̀n inú fún torí pé ó sanra jù, ọ̀rọ̀ yẹn ò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ó sì léwu.

Tánti mi, àbúrò màmá mi, ìlú òyìnbó ló ń gbé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe sleeve fún un, ìyẹn ọpẹráṣọ̀n tí wọ́n fi ń gé apá tó pọ̀ jù nínú àpòlúkù dànù. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó wá sinmi lọ́dọ̀ wa l'Ájàṣẹ́, ẹyin tí a tẹ̀ àti ẹja tí a lọ̀ kúnná ló ń jẹ, kò níṣòro kankan. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá ti Ṣábẹ dé pẹ̀lú iṣu, ẹ̀yin náà ẹ mọ iṣu Ṣábẹ, wọ́n ní ojú ọmọ yìí ti jìn jù, ẹ gún iyán fún un, ta ló fẹ́ sọ fún bàbá pé rárá. Èmi ni mo gún un.

Òkèlè kẹta ló gbé mì tó fi dákẹ́. Ó gbọ́wọ́ lé àárín àyà, omi ń bọ́ lójú ẹ̀, itọ́ kún ẹnu ẹ̀, kì í ṣe itọ́ lásán o, ó funfun, ó ń hó bí omi ọṣẹ, ó ń tu ú sínú abọ́, òmíràn tún ń kún. Màmá mi sáré bu omi, wọ́n ní mu ún kó lè tì í lọ. Omi yẹn gan-an ló dá kún un, kò ríbi gbà, ó padà wá sókè tagbáratagbára, iyán tẹ̀lé e. Mo wo inú abọ́ náà. Òkèlè yẹn ṣì rí róbótó bí ọwọ́ ṣe yí i, ọbẹ̀ nìkan ló ti ṣí kúrò lára ẹ̀. Ó ti tó ogún ìṣẹ́jú tó ti wà nínú, kò tú.

Ibẹ̀ ló ti yé mi pé kí nǹkan rọ̀ lọ́wọ́, ọ̀tọ̀ nìyẹn, kó tú nínú, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Àpòlúkù ẹni tí wọn ò gé lè gba lítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó fẹ̀, ó lágbára, ó máa ń po òkèlè, á fún un, á tẹ̀ ẹ́, á fi dà bí ògì kó tó jẹ́ kó kọjá. Iṣẹ́ tí eyín ò ṣe, inú ló ń bá wa ṣe é, ìdí nìyẹn tí à ń gbé iyán mì láti kékeré tí nǹkan kan ò ṣe wá. Sleeve yọ nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpò yẹn dànù, èyí tó kù rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ti bypass, ìyẹn irú ọpẹráṣọ̀n kejì tí wọ́n ti ń so àpò kékeré kan mọ́ ìfun tààrà, tún kéré sí i, àpò tí wọ́n fi sílẹ̀ lókè ò ju ẹyin lọ, nǹkan bíi mílílítà 30, ihò tí oúnjẹ á gbà jáde sì há. Irin kéékèèké ni wọ́n fi rán ojú ibi tí wọ́n gé, ibẹ̀ á ṣì wú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ohun tó bá ń fà tó ń lẹ̀, tó bá dé ibẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù, á jókòó ni. Ilá tó ń yọ̀ ò tú u, ó kàn jẹ́ kó tètè dé ibi tó máa há sí. Búrẹ́dì rírọ̀ àti ìrẹsì náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi wọ́n sẹ́yìn.

Omi àárín oúnjẹ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Àpò tó ti kún ò ní àyè omi, tí ọ̀nà bá sì là, omi á ṣan oúnjẹ náà kọjá kíákíá, ebi á tún padà dé. Nígbà tó bá jẹun tán, kó dúró nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó mu, lẹ́yìn náà kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀ títí ọjọ́ á fi lọ, torí ó ṣì nílò bíi lítà kan àbọ̀ lójúmọ́.

Àwọn kan á ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kó kúkú máa mu ògì, ògì ò lè há. Òótọ́ ni, kò lè há. Àmọ́ kí ló wà nínú ẹ̀? Ẹni tó ń jẹ ìwọ̀n ṣíbí mẹ́ta mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ò ní àyè tó máa fi ṣòfò, púrótéènì tí wọ́n ní kó wá lójúmọ́ kì í dín ní gíráàmù 60, ẹyin kan sì rèé, bíi 6 péré ló ní. Tí kò bá rí i, ẹran ara ẹ̀ ni ara á máa jẹ. Tẹ́ ẹ bá tún da ṣúgà sínú ògì yẹn fún ẹni tó ṣe bypass, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan òógùn lè bò ó, àyà ẹ̀ á máa lù kìkì, inú á máa lọ́ ọ, wọ́n á ní ayé ló ń ṣe é. Ṣúgà tó já wọ ìfun lójijì ni.

Oúnjẹ rírọ̀ tó dáa wà nílé wa, a kì í kàn kà á sí ni. Wàgàsì, ìyẹn wàrà Fúlàní, tí a sè tí a tẹ̀ kúnná, ẹja tútù tí a yọ egungun ẹ̀ dáadáa, ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí ò ní ata tí èèpo ẹ̀wà ò sí nínú ẹ̀, wàràkàsì tí wọ́n fi ẹ̀wà sójà ṣe tí wọ́n ń tà ní gbogbo ọjà. Lọ́dọ̀ wa, ṣíbí kékeré tí wọ́n fi ń bọ́ ọmọ ni Tánti fi ń jẹun, a gbé aago síwájú ẹ̀, ẹyin kan ṣoṣo gbà tó ìdajì wákàtí. Àwọn tó ń wá kí i ń sọ fún màmá mi pé wọ́n fẹ́ febi pa ọmọ. Ó dun màmá mi gan-an, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ iyán yẹn wọn ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́.

Ìgbà tí oúnjẹ gidi ń bẹ̀rẹ̀ yàtọ̀ láti dókítà kan sí òmíràn, ìwé tí wọ́n fún un ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Ó sábà máa ń jẹ́ nǹkan olómi fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà èyí tí a lọ̀, lẹ́yìn náà èyí tó rọ̀, oúnjẹ líle á wá dé láàárín ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ. Tó bá dé náà, oúnjẹ tuntun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kó jẹ ẹ́ lẹ́nu bí ìgbà ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀, tó bá ti ń rí i pé àyà ń di òun, kó dúró, kódà tó bá ku ṣíbí kan.

Tí ibà bá mú un, tí inú tàbí èjìká ń dùn ún gidi, tí àyà ẹ̀ ń sáré, tí kò lè mu omi kó dúró, ọsibítù ni, ẹ má fi àgbo dán an wò. Ẹni tó ń bì lóòrèkóòrè fún ọjọ́ púpọ̀, fítámì B1 lè tán lára ẹ̀, ìyẹn sì ń ba ẹsẹ̀, ojú àti ọpọlọ jẹ́. Àwọn oògùn fítámì tí wọ́n ní kó máa lò náà, ti ọjọ́ ayé ẹ̀ ni, wọn kì í ṣe ti oṣù méjì.

Nígbà tó pé oṣù méje lẹ́yìn ọpẹráṣọ̀n náà, dókítà ẹ̀ ti ní kó máa jẹ gbogbo ẹ̀, a jọ lọ sí Ṣábẹ. Bàbá tún ní kí wọ́n gún iyán. Tánti gé èyí tó tó èékánná àtàǹpàkò, ó ń jẹ ẹ́ lẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́ ṣáá, àwọn ọmọdé ń wò ó torí wọn ò rí ẹni tó ń jẹ iyán lẹ́nu rí, bàbá ló ní kí wọ́n gbójú kúrò lára ẹ̀. Mẹ́ta báyẹn ló jẹ, ó fi ẹja lé e, ó fọwọ́.