Ilẹ̀ Bárékè ní Hong Kong: Ta Ló Sanwó Rẹ̀ Gan-an?

Nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ bá kan owó ológun tí Hong Kong san fún Gẹ̀ẹ́sì láyé ìjọba amúnisìn, láti fi bọ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó wà níbẹ̀, iye tó wà nínú ìwé nìkan làwọn èèyàn máa ń kà: £20,000 lọ́dún láti 1865, £40,000 láti 1890, nígbà tó sì di 1901, òfin sọ ọ́ di dọ́là 20 nínú gbogbo 100 tó bá wọlé fún ìjọba. Lójú tèmi, èyí tó wọ́n jù kò sí nínú ìwé náà rárá. Ilẹ̀ tí bárékè jókòó lé ni.

Ẹ wo ibi tí owó ti ń wọlé. Èbúté tí kì í gba owó ibodè ni Hong Kong, nítorí náà ilẹ̀ ni igi lẹ́yìn ọgbà ìjọba. Wọ́n á lu ilẹ̀ ní gbàǹjo, ẹni tó bá gbà á á sanwó lẹ́ẹ̀kan, á tún máa san owó ilẹ̀ lọ́dọọdún, bó bá sì kọ́lé sí i, owó orí ilé ń bẹ níbẹ̀. Tí ológun bá gba ilẹ̀ kan, gbogbo owó wọ̀nyẹn ti lọ nìyẹn. Wọ́n wà lórí ilẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n tún ní kí ìlú máa bọ́ àwọn.

Ọ̀rọ̀ Kowloon, ilẹ̀ tó wà lódìkejì omi sí erékùṣù Hong Kong, ló dùn mí jù. Ní March 1860, Harry Parkes, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, yá ilẹ̀ náà lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ Ṣáínà ní tael fàdákà 500 lọ́dún (tael ni ìwọ̀n tí àwọn ará Ṣáínà fi ń wọn fàdákà). Ní October ọdún yẹn kan náà, àdéhùn Peking fi í fún Gẹ̀ẹ́sì pátápátá. Gómìnà Hercules Robinson fẹ́ ẹ fún ilé àti ọjà, torí pé òkè àti òkun ti há Victoria, ìlú tó wà lórí erékùṣù, mọ́ àárín. Àwọn ọ̀gágun ní àwọn làwọn nílò rẹ̀, pé ibà ń pa ọmọ ogun ní erékùṣù, atẹ́gùn sì ń fẹ́ dáadáa ní Kowloon. Òótọ́ ni, ibà pa wọ́n lọ́pọ̀lọpọ̀, mi ò ní fojú kéré ìyẹn. Ṣùgbọ́n wọn ò kó kúrò ní bárékè àárín ìlú náà! Ìjà dé London, àwọn ológun sì gba apá tó pọ̀ ní Kowloon. Níbẹ̀ ni Whitfield Barracks wà, tí wọ́n kó ọmọ ogun Íńdíà sí. Mọ́sálásí tí wọ́n kọ́ fún àwọn Mùsùlùmí inú wọn ní 1896 ló bẹ̀rẹ̀ mọ́sálásí Kowloon òní.

Ní erékùṣù, bárékè lápá òkè, ọgbà ọkọ̀ ogun létí omi, ọ̀nà kan ṣoṣo láàárín wọn ló so apá ìwọ̀-oòrùn ìlú pọ̀ mọ́ àdúgbò Wan Chai lápá ìlà-oòrùn.

Owó gan-an tún ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Pọ́n-ùn ni wọ́n fi díye lé e, dọ́là fàdákà sì ni ìlú ń gbà. Ṣílè 20 ló wà nínú pọ́n-ùn kan, nítorí náà nígbà tí dọ́là kan bá jẹ́ ṣílè 4, £20,000 jẹ́ dọ́là 100,000. Fàdákà já wálẹ̀ títí dọ́là fi bọ́ sábẹ́ ṣílè 2. Ní ṣílè 2, £40,000 jẹ́ dọ́là 400,000: Gẹ̀ẹ́sì sọ owó di ìlọ́po méjì, fàdákà sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin.

Dọ́là 20 nínú 100 tí òfin 1901 gbé wá kò sàn. Orí gbogbo owó tó wọlé ni wọ́n ti ń yọ ọ́, kí ìlú tó ná kọ́bọ̀. Bí ìjọba bá fẹ́ dọ́là 100 fún omi tàbí gọ́tà, ó di dandan kó gba 125 lọ́wọ́ aráàlú, torí 25 á ti bá ológun lọ. Àwọn ará Ṣáínà, tó pọ̀ jù nínú ìlú, tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè, ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ já lé lórí.

Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe kò le: kí wọ́n díye lé ilẹ̀ bárékè bí ẹni pé wọ́n lù ú ní gbàǹjo, kí wọ́n sì yọ owó ilẹ̀ rẹ̀ ọdọọdún kúrò nínú owó ológun. Ilẹ̀ Whitfield tí wọ́n jà sí ní 1860 di ọgbà ìgbafẹ́ Kowloon ní 1970. Victoria Barracks, bárékè erékùṣù, padà sọ́wọ́ ìlú ní 1979, wọ́n sì ṣí ọgbà Hong Kong Park síbẹ̀ ní 1991.