Ta Ló Gbé Bíìrò Lé Àwọn Agbábọ́ọ̀lù Lọ́wọ́?

Bébà funfun kan ni wọ́n máa ń gbé síwájú ọmọ náà, pẹ̀lú bíìrò. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi kọ ọ́ pé òun gbà láti máa ṣiṣẹ́ fún Stasi, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Ìlà-Oòrùn Jámánì láyé ìgbà tí Jámánì ṣì pín sí méjì, àti pé òun kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò wá orúkọ ìkọ̀kọ̀ tí yóò máa fi jábọ̀. Agbábọ́ọ̀lù ni, ó sì lè má tíì pé ọmọ ogún ọdún. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni pé: ta ló ń bá ará Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì sọ̀rọ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì? Ta ló ní ẹbí lódìkejì ògiri Berlin? Ta ló ń gbèrò àtisá?

Nígbà tí òfin 1991 ṣí fáìlì Stasi sílẹ̀ fún ará ìlú, kò pẹ́ tí ariwo fi sọ lórí àwọn eléré bọ́ọ̀lù. Ní 1992 ni àṣírí Torsten Gütschow, agbábọ́ọ̀lù Dynamo Dresden, tú pé ó ti ń jábọ̀ fún Stasi. Ọdún yẹn náà ni ti Eduard Geyer, akọ́nimọ̀ọ́gbá ìkẹyìn fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè náà. A kò sọ pé kí wọ́n bo ẹnikẹ́ni láṣìírí o. Ẹni tí wọ́n tà ní ẹ̀tọ́ láti mọ ẹni tó ta òun. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni tó gbépo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ta ló ń dúró nísàlẹ̀ gba epo?

Erich Mielke ni. Òun ló ṣe olórí Stasi láti 1957 di 1989, òun náà ló ṣe alága SV Dynamo, ẹgbẹ́ eré ìdárayá àwọn ọlọ́pàá àti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. BFC Dynamo, ààyò rẹ̀, gba líìgì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá léraléra, láti 1979 sí 1988. Lọ́dún tí ògiri Berlin wó, nǹkan bí 189,000 olófòófó ló ń jábọ̀ fún iléeṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ilé ẹjọ́ sì rán ọkùnrin yìí lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́fà ní 1993, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá méjì tí wọ́n pa ní 1931 ni wọ́n torí ẹ̀ rán an, kì í ṣe ti Stasi. Ó dùn wá dé ọkàn.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní January 1981. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè fẹ́ wọkọ̀ òfuurufú lọ sí Argentina, ni wọ́n bá mú àwọn mẹ́ta láti Dynamo Dresden ní pápákọ̀ Schönefeld: Gerd Weber, Peter Kotte àti Matthias Müller. Ẹgbẹ́ kan ní Köln, ní Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì, ló ń pe Weber pé kó sá wá. Weber yìí kan náà ti ń jábọ̀ fún Stasi tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀wọ̀n ni wọ́n jù ú sí. Kotte àti Müller kò fẹ́ lọ síbi kankan. Ẹ̀ṣẹ̀ tiwọn ni pé wọ́n mọ̀, wọn kò sì lọ sọ. Wọ́n ní wọn kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù ní líìgì ńlá mọ́ láyé wọn.

Agbábọ́ọ̀lù Lutz Eigendorf ní tirẹ̀ sá kúrò ní BFC Dynamo lọ sí Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì ní 1979. Ní March 1983, ọkọ̀ rẹ̀ kọ lu igi ní Braunschweig, ó sì kú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fura sí Stasi, àmọ́ kò sí ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi.

Ohun tí à ń béèrè kò le. Láti 2021 ni fáìlì wọ̀nyí ti wà lábẹ́ ilé àkójọ ìwé ìjọba àpapọ̀ Jámánì. Kí wọ́n má ṣe ti ilẹ̀kùn náà láé. Ìwé ìròyìn tó bá sì fẹ́ gbé orúkọ agbábọ́ọ̀lù kan jáde, kí ó tẹ orúkọ ọ̀gá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó gbé bíìrò fún un mọ́ ọn, kí ó sọ ohun tí wọ́n fi halẹ̀ mọ́ ọn tàbí ohun tí wọ́n ṣèlérí fún un. Kí àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù náà, pàápàá àwọn tó ń jẹ́ Dynamo dòní, sọ ìtàn Kotte àti Müller fún àwọn ọmọ kéékèèké tó ń kọ́ bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n pè wọ́n lórúkọ, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n kọ̀ láti ṣe.