Ẹni Tí Kò Lè Gbé Ẹnìkejì Sọ̀ Kalẹ̀ Kò Yẹ Lẹ́ni Tí À Ń Fún Níwèé Ẹ̀rí

Bí ẹni tó ń gé ẹ̀ka lórí igi bá fi ayùn ẹlẹ́ńjìnnì gé ara rẹ̀ lápá ní mítà 12 sókè, ẹni tó dúró ní ìdí igi ló máa kọ́kọ́ gbà á là. Tí onítọ̀hún kò bá mọ bí a ṣe ń gùn ún lọ bá a, kó so ó mọ́ra, kó sì gbé e sọ̀, ariwo ló máa kàn máa pa, ẹ̀jẹ̀ á sì máa dà. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣètò ẹ̀kọ́ kíákíá fún àwọn tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ìtọ́jú igi kò gbọdọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lè ṣe iṣẹ́ ìgbàlà yìí níwèé ẹ̀rí, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ yá nídìí ayùn tó.

Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ 4 la fara mọ́, kí ẹ́ńjìnnì kankan má sì dún ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Igi ni kí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀. Olú tó hù ní ìdí igi lè jẹ́ àmì pé gbòǹgbò ti ń jẹrà. Oríta ẹ̀ka méjì tí èèpo há sí láàárín kò lágbára, ó lè fà ya nígbàkigbà. Kí wọ́n fi òòlù onígi lu ara igi, kí wọ́n gbọ́ ibi tó ti dún bí ihò.

Ìgungi ló kàn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ so kókó Prusik, ìyẹn kókó tó ń yọ̀ lórí okùn ìgungi àmọ́ tó ń dì í mú nígbà tí ìwúwo bá bọ́ sí i, tí Karl Prusik ará Austria gbé jáde ní 1931, títí ọwọ́ rẹ̀ á fi mọ̀ ọ́n nínú òkùnkùn. Kó rọ̀ mọ́ okùn náà ní ìwọ̀n mítà 1 sílẹ̀ kó tó gòkè, torí ibẹ̀ lèèyàn ti ń mọ̀ bóyá ẹ̀ka tí okùn gbà kọjá á gbé e. Nígbà tí ayùn bá wà lọ́wọ́, ohun méjì ló gbọ́dọ̀ dì í mú: okùn ìgungi àti igbà tó yí igi ká. Okùn tó ti le nítorí ìwúwo èèyàn, tí ṣéènì bá kàn án fírí, ó ti já.

Ẹ̀ka gígé ní ètò tirẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gé e lábẹ́, ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 sí ara igi, kó wọlé tó ìdá 1 nínú 4. Ẹ wá gé e látòkè, síwájú díẹ̀ sí ojú àkọ́kọ́, títí yóò fi dá. Lẹ́yìn náà lẹ ó gé kùkùté tó kù, ní ìta ọrùn ẹ̀ka, ìyẹn ibi tó wú yí ìdí rẹ̀ ká. Ẹni tó bá fo ti abẹ́, ẹ̀ka á wó, á sì bó èèpo igi lọ sísàlẹ̀. Ọgbẹ́ igi kì í jinná bíi ti èèyàn. Igi kàn ń mọ odi yí ibi tó bàjẹ́ ká ni, gẹ́gẹ́ bí Alex Shigo, onímọ̀ nípa igi ará Amẹ́ríkà, ṣe fi hàn. Ẹni tó bá gé ọrùn yẹn dànù ti ṣílẹ̀kùn fún ìjẹrà, ọ̀dà tí wọ́n bá sì kùn ún kò lè tì í.

A mọ̀ pé gbogbo èyí ń gba àkókò, ìgbàlà ló sì ń gbà á jù, torí ẹnìkan ṣoṣo ló lè gòkè lẹ́ẹ̀kan. Ibẹ̀ làwọn tó ń kánjú ti ń gé ẹ̀kọ́ kúrú. Kí olùkọ́ kan má kọ́ ju akẹ́kọ̀ọ́ 4 lọ, kí owó ẹ̀kọ́ sì lọ sókè bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gbé ère oníwúwo tó dúró fún ẹni tó farapa sọ̀ láti orí igi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ìkan nínú rẹ̀ jẹ́ láìròtẹ́lẹ̀: kó wo wáyà iná, kó pe ìrànlọ́wọ́, kó tó fẹsẹ̀ lé igi. Kó má fi falẹ̀ o, torí ẹni tó so rọ̀ láìmira, ẹ̀jẹ̀ á dúró sí i lẹ́sẹ̀, ó sì lè dákú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Kí ohun èlò ìgungi kejì, èyí tó wà fún ìgbàlà, ti jáde nínú àpò, kó wà ní ìdí igi, kí ẹni àkọ́kọ́ tó gòkè. Olùkọ́ tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, kí wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.