Ta ló ni 27 Oṣù Kẹsàn-án: Cosme àti Damião, àbí Ìbejì?

Ọmọ Ìṣokùn: Mo fẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Àjọ̀dún Cosme àti Damião, ẹni mímọ́ méjì ti Ìjọ Àgùdà, tí wọ́n ń ṣe ní Bahia, ní Brazil, ní 27 Oṣù Kẹsàn-án, ìbọ Ìbejì ni. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú kàn fi ère ẹni mímọ́ bo òrìṣà mọ́lẹ̀ kí ọ̀gá wọn má bàa mọ̀ ni. Ẹ wo ohun tó wà nínú àwo: epo pupa, ẹ̀wà, àkàrà, ìrèké. Èwo ni ti Róòmù níbẹ̀?

Olùkọ́ Àgùdà: Ẹ rọra, ẹ̀gbọ́n. Kí Yorùbá tó pọ̀ ní Bahia ni Ìjọ Àgùdà ti ń ṣe àjọ̀dún àwọn méjèèjì. Ìbejì ni wọ́n lóòótọ́, oníṣègùn ni wọ́n sì jẹ́ ní ilẹ̀ Síríà. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ aláìsàn, ìdí nìyẹn tí àwọn Gíríìkì fi ń pè wọ́n ní Anargyroi, àwọn tí kì í gba fàdákà. Inúnibíni Diocletian, olú ọba Róòmù, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrin, ló pa wọ́n. Póòpù Felix Kẹrin (526–530) ló ya ṣọ́ọ̀ṣì wọn sọ́tọ̀ ní Róòmù, ibẹ̀ ni ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n ti wá. Ní Igarassu, ní Pernambuco ní Brazil, 1535 ni wọ́n ti dá ṣọ́ọ̀ṣì wọn sílẹ̀. Àwọn Nagô, ìyẹn Yorùbá, ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún títí di nǹkan bí 1850 ni ọ̀pọ̀ wọn wọlé. Ohun tó ti wà nílẹ̀ fún igba ọdún ó lé ṣáájú wọn, báwo lẹ ṣe ní àwọn ló dá a sílẹ̀ láti fi bo òrìṣà?

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́: Olùkọ́, ọjọ́ náà lè jẹ́ ti yín, ẹ jẹ́ ká wo ère. Ní Yúróòpù, àgbàlagbà ni Cosme àti Damião: wọ́n mú àpótí oògùn dání, tàbí ṣíbí tí wọ́n fi ń po oògùn, pẹ̀lú imọ̀ ọ̀pẹ tó ń fi hàn pé wọ́n kú nítorí ìgbàgbọ́. Àwọn oníṣẹ́ abẹ àti àwọn apòògùn ló fi wọ́n ṣe alábòó. Ní Brazil, ọmọdé ni wọ́n. Ta ló sọ dókítà di ọmọdé? Kì í ṣe bíṣọ́ọ̀bù. Ẹ sì kíyè sí i: nílé wa, ọmọdé là ń gbẹ́ ère ìbejì fún, ṣùgbọ́n ara àgbà ni agbẹ́gilére máa ń fún un, pẹ̀lú ọyàn àti ilà ojú. Ní Brazil, ó yí padà: àgbà ni ẹni mímọ́, ara ọmọdé ni wọ́n fún un. Ẹni tó mọ Ẹ̀jìrẹ́ nìkan ló lè yí i bẹ́ẹ̀.

Kẹ́ ẹ sì wo ẹnì kẹta tó dúró láàárín wọn, tó kéré jù, tó wọ irú aṣọ kan náà. Doum ni wọ́n ń pè é. Ìdòwú nìyẹn. Ní Cuba, wọ́n ń pe àwọn ìbejì ní Taebo àti Kaindé, ẹni tó tẹ̀lé wọn a sì máa jẹ́ Ideú.

Àrẹ̀mú Onílù: Ìyá, ẹ dá mi lóhùn lórí èyí. Ìdòwú kì í bá ìbejì wá, ẹ̀yìn wọn là ń bí i. Kí ló wá ń ṣe láàárín wọn?

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́: Nítorí pé a kì í fi sílẹ̀ ni. "Èṣù lẹ́yìn ìbejì" la máa ń kì í. Àwọn àgbà gbà pé ìyá tó bí ìbejì tí kò bí Ìdòwú tẹ̀ lé wọn, ewu orí dídàrú wà fún un. Ẹni tó le tó bẹ́ẹ̀, inú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lèèyàn ń fi í sí.

Ọmọ Ìṣokùn: Ẹ gbọ́ orúkọ àwọn méje tí wọ́n ń kà ní Bahia: Cosme, Damião, Doum, Alabá, Crispim, Crispiniano, Talabi. Àlàbá ló tẹ̀ lé Ìdòwú. Tàlàbí ni ọmọ tó wáyé tí aṣọ ìbí ṣì bò ó lórí. Orúkọ àmútọ̀runwá ni mẹ́ta nínú méje!

Olùkọ́ Àgùdà: Mẹ́rin tó kù wá ńkọ́? Crispim àti Crispiniano, aránbàtà ni wọ́n, 25 Oṣù Kẹwàá ni àjọ̀dún wọn. Ẹni tó fi wọ́n kún un mọ kàlẹ́ńdà ìjọ dáadáa: ó ń wá àwọn ẹni mímọ́ tó ń rìn ní méjì-méjì. Ẹni tó kàn ń fi nǹkan pa mọ́ kì í ṣe irú wàhálà yẹn. Ó gba ti ìbejì gbọ́, ó sì gba ti ẹni mímọ́ gbọ́. Ohun tí mo ń bá yín jà lé nìyẹn, pé ẹ̀ ń pè é ní ẹ̀tàn.

Àrẹ̀mú Onílù: Ẹ má gbàgbé àwọn ará Angola o. Nínú Candomblé tiwọn, ìyẹn ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Áfíríkà ní Brazil, Vunji ló ni àwọn ọmọdé, ọjọ́ yìí kan náà ni wọ́n sì ń ṣe é. Kì í ṣe Yorùbá nìkan ló gbé ìbejì wọ Brazil. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má pe erê ní Ìbejì. Erê ni ẹ̀mí ọmọdé tó máa ń gun ẹlégùn lẹ́yìn tí òrìṣà rẹ̀ bá ti lọ. Ọ̀tọ̀ ni.

Ìbéèrè mi: ẹ̀wà la mọ̀ mọ́ ìbejì nílé. Kí ló dé tí ọbẹ̀ ilá fi jẹ́ olórí oúnjẹ lọ́hùn-ún?

Alásè Salvador: Ṣàngó ni. Àwọn ará ibẹ̀ gbà pé òun ni baba Ìbejì, ilá sì ni wọ́n fi ń se oúnjẹ Ṣàngó, tí wọ́n ń pè ní amalá bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe àmàlà tiwa. Ẹ̀wà ò kúrò níbẹ̀ o. Ẹ̀wà funfun àti dúdú wà, àkàrà wà, abará (ọ̀lẹ̀lẹ̀ inú ewé) wà, adìyẹ, gúgúrú, àgbọn, ìrèké àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ dídín náà wà. Ṣùgbọ́n caruru, ìyẹn ọbẹ̀ ilá náà, ló fún gbogbo rẹ̀ lórúkọ, iye ilá ni wọ́n sì fi ń jẹ́ ẹ̀jẹ́: "Mo máa se ẹgbẹ̀rún ilá."

Fún 100 ilá: ife edé gbígbẹ lílọ̀ 1, àlùbọ́sà ńlá 2, atalẹ̀ díẹ̀, ìdajì ife ẹ̀pà àti ìdajì ife kajú tí a sun tí a sì lọ̀, epo pupa bí ife 1. Ẹ fọ ilá ní odindi, kí ẹ nù ún gbẹ kí ọ̀bẹ tó kàn án. Ilá tó bá tutù lábẹ́ ọ̀bẹ á fà ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ gé orí àti ìdí rẹ̀ dànù, ẹ là á sí mẹ́rin lóòró, kẹ́ ẹ wá rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́. Ẹ fi epo díẹ̀ din àlùbọ́sà, edé àti atalẹ̀, ẹ da ilá sí i, ẹ bu omi gbígbóná díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e kí fífà rẹ̀ dínkù. Ìgbẹ̀yìn ni ẹ̀pà àti kajú ń wọlé. Bí wọ́n bá tètè wọ ìkòkò, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, òórùn jíjó á sì bá gbogbo ọbẹ̀ jẹ́. Epo tó kù, ó kù díẹ̀ kẹ́ ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni kẹ́ ẹ dà á sí i. Edé ti níyọ̀, ẹ tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó bu iyọ̀. Bí kóró ilá bá ti ń pọ́n, ó ti jinná.

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́: Ẹ ṣé, Alásè. Ta ló ń kọ́kọ́ jẹ ẹ́?

Alásè Salvador: Wọ́n á kọ́kọ́ bu díẹ̀ díẹ̀ sínú àwo kéékèèké síwájú ère. Lẹ́yìn náà, ọmọdé méje á jókòó sílẹ̀ yí ọpọ́n kan ká, wọ́n á fi ọwọ́ jẹ ẹ́, àwọn àgbà á sì máa kọrin. Àgbà kankan kì í fọwọ́ kan oúnjẹ kí àwọn méje yìí tó jẹ tán. Níbẹ̀ ni àṣìṣe pọ̀ jù lóde òní: wọ́n á ti bu oúnjẹ fún àlejò kí wọ́n tó rántí ọmọdé.

Olùkọ́ Àgùdà: Àti ti ọjọ́: láti 1969 ni ìjọ ti gbé àjọ̀dún yìí sí 26, nítorí pé 27 jẹ́ ti Vincent de Paul, tó kú lọ́jọ́ náà ní 1660. Àwọn èèyàn Brazil kò tẹ̀ lé e, 27 ni wọ́n ṣì ń ṣe é, títí dé Rio, níbi tí wọ́n ti ń pín àdídùn fún ọmọdé nínú àpò kéékèèké tó ní àwòrán ìbejì. Lórí ìyẹn, mo gbà fún Ìyá Ẹ̀jìrẹ́ pé agbára àjọ̀dún yìí kò sí lọ́wọ́ Róòmù mọ́.

Ọmọ Ìṣokùn: Èmi náà á mú "ìbọ̀mọ́lẹ̀" kúrò nínú ọ̀rọ̀ mi. Alásè, ṣé òótọ́ ni ti odindi ilá?

Alásè Salvador: Òótọ́ ni. Wọ́n máa ń fi odindi ilá díẹ̀ sílẹ̀ nínú ìkòkò láìgé e. Ẹni tó bá bá a nínú àwo rẹ̀, òun ló máa se caruru lọ́dún tó ń bọ̀.