Kí Ẹ̀rọ Agékoríko Dúró Ná

Òdòdó kan wà ní Cape Town, ní Gúúsù Áfíríkà, tó jẹ́ pé inú ọgbà ilé-iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ nìkan ló ti ń dá hù mọ́ láyé yìí. Moraea aristata ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Bó bá di oṣù Kẹsàn-án, á tanná funfun, ojú aláwọ̀ aró kan á wà lára ewé òdòdó ńláńlá rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, á máa dán bí ìyẹ́ ọ̀kín.

Ta ló dá a sí? Ọdún 1820 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, àwọn tó ń gbójú sókè wo ìràwọ̀ kò sì kọ́lé bo gbogbo ilẹ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ wọn. Nílùú kan náà, ẹṣin ló gba àárín pápá eré ẹṣin Kenilworth sílẹ̀: wọ́n ń sá yípo rẹ̀ fún ohun tó lé ní 100 ọdún, katakata ò débẹ̀. Orí ló kó àwọn ewéko yìí yọ. Ó wá yẹ kí ìjọba ìlú máa gbójú lé orí ire dípò ètò bí?

Àwọn tó ń wá ilẹ̀ ilé máa ń ní kí wọ́n hú òdòdó lọ gbìn síbòmíì. Àwọn èèyàn nílò ilé lóòótọ́, ìyẹn kì í ṣe àwàdà. Ṣùgbọ́n ẹ wo òdòdó mìíràn tó ń jẹ́ Erica verticillata, tó ti pa rẹ́ pátápátá nínú igbó ìlú náà. Inú ọgbà òdòdó ni wọ́n ti padà rí ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù, tí wọ́n fi gbìn ín padà sílẹ̀ àbáláyé rẹ̀. Ká ní wọ́n ti da kọnkéré bo gbogbo ilẹ̀ náà ńkọ́? Inú ìkòkò ni ì bá wà dòní.

Kí ìjọba ìlú fi gbogbo abala ilẹ̀ tí irú òdòdó bẹ́ẹ̀ ṣẹ́kù sí sórí àwòrán ilẹ̀ kí wọ́n tó buwọ́ lu ìwé ilé kíkọ́. Kí ẹ̀rọ agékoríko má sì wọbẹ̀ títí irúgbìn yóò fi gbó. Èyí ló ń dùn wá jù, nítorí kò náni ní nǹkan kan. Òjò ìgbà òtútù tó ń jí koríko náà ló ń jí òdòdó. Kí òṣìṣẹ́ tó gé ọ̀kan tán, ó ti gé èkejì. Bí wọ́n bá sì bẹ́ orí òdòdó náà kí èso rẹ̀ tó gbẹ, kò ní rí irúgbìn gbọ̀n sílẹ̀ lọ́dún yẹn.

Ó ku iná. Púpọ̀ nínú ewéko ibẹ̀ kì í hù dáadáa bí iná kò bá jó igbó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Aládùúgbò tó bá rí èéfín á pe panapana, a ò sì lè bá a wí. Kí àwọn tó mọṣẹ́ máa dáná náà, kí wọ́n sì ti lọ kan ilẹ̀kùn káàkiri ṣáájú, kí àwọn ará àdúgbò lè mọ ọjọ́ tí wọn yóò ká aṣọ kúrò lórí okùn.