Èsì wa fún ẹ̀gbọ́n tó fún wa ní ìràwọ̀ kan nínú márùn-ún

Ẹ ṣé tí ẹ kọ̀wé, ẹ̀gbọ́n. A ti rí i.

Fún ẹni tó bá ń kà á tí kò mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́: ẹ̀gbọ́n wa san ₦15,000 fún ẹ̀kọ́ wa lórí bí ọlọ́jà ṣe ń kọ ìwé owó, èyí tí à ń ṣe lórí WhatsApp fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Wọ́n ní fídíò wa kéré jù, "ìṣẹ́jú márùn-ún péré, kí lèèyàn fẹ́ rí kọ́ níbẹ̀?" Wọ́n ní à ń da ìbéèrè bo àgbàlagbà bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní a kì í dáni lóhùn, àti pé ẹ̀kọ́ orí fóònù kì í ṣe ẹ̀kọ́ gidi. Wọ́n fẹ́ gba owó wọn padà. Ohun tí wọn ò kọ síbẹ̀ ni pé nínú ẹ̀kọ́ méjìlá, ẹ̀kẹta ni wọ́n bá a dé.

Èyí tó dùn mí jù ni ti fídíò, torí ìdí rẹ̀ ni owó wa ń lọ jù. Ẹni tó bá rò pé ọ̀lẹ ló ń gé fídíò kúrú kò tíì gé fídíò rí. Olùkọ́ wa ti ṣiṣẹ́ ìṣirò owó pẹ́ ní báńkì kí wọ́n tó wá bá wa. Wọ́n lè fi wákàtí méjì sọ̀rọ̀ lórí gbèsè nìkan láì mu omi. Èmi ni mo máa ń jókòó tì wọ́n pé, "Bàbá, ohun kan ṣoṣo ni fídíò kan." Inú wọn kì í dùn sí mi lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwa la dá a sílẹ̀. Ní 2014, àwọn olùṣèwádìí yẹ bí àwọn èèyàn ṣe ń wo fídíò ẹ̀kọ́ wò lórí edX, ètò ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Harvard àti MIT jọ dá sílẹ̀. Ìgbà mílíọ̀nù 6.9 tí èèyàn ṣí fídíò ni wọ́n kó jọ. Wọ́n rí i pé bó ti wù kí fídíò gùn tó, ó kéré tán ìdajì àwọn tó ń wò ó ni kì í kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà. Bí fídíò tiẹ̀ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, kó tó kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà ni wọ́n ti ń yà kúrò. Àwọn yẹn sì rójú jókòó sídìí kọ̀ǹpútà o. Tiwa wà lórí ìdúró nídìí káńtà, oníbàárà ń béèrè máàgí, ọmọ ń sunkún lẹ́yìn.

Fídíò wa kan kò ju MB 15 lọ. A mọ̀ọ́mọ̀ dín in kù ni, kó má baà jẹ dátà yín tán. Ẹni tí dátà tiẹ̀ bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, fóìsì nóòtì tó sọ ohun kan náà máa ń tẹ̀ lé e. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ Monday àti Thursday là ń gbé e sílẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ti ti ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo èyí ni ẹ̀gbọ́n pè ní "péré".

Ẹ jẹ́ n bọ́ sórí ìbéèrè. Òótọ́ ni, ìbéèrè wa pọ̀. Ẹ̀gbọ́n tiẹ̀ kọ̀wé sí wa nígbà kan pé, "Ẹ ti bi mí ní èyí lọ́sẹ̀ tó kọjá." A ti bi wọ́n lóòótọ́, a ó sì tún bi wọ́n lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Hermann Ebbinghaus fi orí ara rẹ̀ dán an wò, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1885: ohun téèyàn kọ́ lónìí, kí ilẹ̀ tó mọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti fò lọ bí kò bá padà síbẹ̀. Ní 2006, Roediger àti Karpicke ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àwọn tó ka nǹkan tí wọ́n sì dán ara wọn wò lórí rẹ̀ rántí ju àwọn tó kàn ń kà á ní àkàtúnkà lọ nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Ẹni tó bá ń ka ìwé ní àkàtúnkà máa ń rò pé òun ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá nínú ìrònú yẹn ni àwa àgbà.

Ibi tí ẹ̀gbọ́n ti bínú gan-an ni ẹ̀kọ́ kẹta, ẹ̀yin tó ń kà á náà ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò. Ẹ ra páálí ọṣẹ kan ní ₦24,000. Ọṣẹ 48 ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀ ń ta ọ̀kan ní ₦600. Èló lèrè? Gbogbo kíláàsì á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé ₦4,800. Olùkọ́ á ní ó dáa. Wọ́n á wá béèrè pé, ọṣẹ mélòó lẹ mú wọlé fi fọṣọ? Ẹnì kan á rẹ́rìn-ín, á ní mẹ́ta. Ó ku 45, owó rẹ̀ jẹ́ ₦27,000. Ọ̀kadà tó gbé e wá láti ọjà ńkọ́? ₦1,500. Ó ku èrè ₦1,500. Méjì tí ìyàwó láńlọ́ọ̀dù mú láwìn, ṣé wọ́n ti san án? Wọn ò tíì san án. Ẹ tún yọ ₦1,200. ₦300 ló kù tó jẹ́ èrè lọ́wọ́ yín lórí páálí tí ẹ ti ń pariwo ₦4,800 sí. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn o, àwọn fúnra wọn ni wọ́n bá ìṣirò náà débẹ̀. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nínú ọ̀rọ̀ owó yìí, orí àgbà gan-an ló ń wọ́ lọ́jà.

Iṣẹ́ àṣetiléwá ni pé kí kálukú ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú páálí kan nínú ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fi tiwọn ránṣẹ́ dé ìdajì, wọ́n dúró, wọ́n ní àwọn sanwó kí wọ́n kọ́ àwọn ni, kì í ṣe kí àwọn wá ṣí ìwé àwọn fún ọmọdé. Mi ò ní sọ ohun tó wà nínú ìwé náà níbí, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù wọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń kọ́ àgbà nìyẹn. Malcolm Knowles, ará Amẹ́ríkà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ àgbà mọ̀ bí ẹní mowó, ti sọ ọ́ tipẹ́: àgbàlagbà ti mú ìrírí tirẹ̀ dání kó tó wọ kíláàsì, ó fẹ́ mọ ìdí tóun fi ń kọ́ nǹkan, ó sì fẹ́ lò ó kíákíá. Ẹni tó fẹ́ jókòó gbọ́ ìwàásù, Sunday wà fún un.

Ní ti pé a kì í dáni lóhùn: ọjọ́ Tuesday, 4 oṣù kẹta 2025, aago kan kọjá ìṣẹ́jú méjìlá òru, ni àtẹ̀jíṣẹ́ yín wọlé. Ọmọbìnrin tó ń mójú tó WhatsApp wa, ìyá ọlọ́mọ ni, dá yín lóhùn ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún àárọ̀. Lọ́jọ́ kẹfà ó fi fóìsì nóòtì ránṣẹ́ sí yín. Àmì búlúù yọ, ẹ gbọ́ ọ. Ní Sunday, ọjọ́ kẹsàn-án, ó pè yín. Ẹ ní ẹ wà lóde àríyá.

Ti pé ẹ̀kọ́ orí fóònù kì í ṣe ẹ̀kọ́, mi ò fẹ́ jiyàn púpọ̀. Láti 1949 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń gbé ẹ̀kọ́ jáde lọ bá àgbàlagbà níbi tí wọ́n wà. Ṣàgàrí dá yunifásítì ẹ̀kọ́ àtòkèèrè ti ìjọba àpapọ̀ (National Open University) sílẹ̀ ní 1983, ìjọba ológun tì í pa lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ọbásanjọ́ tún un ṣí ní 2002, òun ni gbogbo wa ń pè ní NOUN lónìí. Ẹ lọ sọ fún àwọn tó gboyè níbẹ̀ pé wọn ò kàwé.

Owó ńkọ́? Àdéhùn tí ẹ dáhùn "mo gbà" sí sọ pé ọ̀sẹ̀ kìíní ni èèyàn lè béèrè owó. Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ béèrè. Síbẹ̀, torí pé ẹ̀gbọ́n lẹ jẹ́, ẹ máa bọ̀ nínú kíláàsì tó ń bọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀kọ́ kẹta. Bó bá jẹ́ owó lẹ ṣì fẹ́, a ó san ìdajì, ₦7,500. Ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin yẹn kó tó di aago mẹ́jọ alẹ́. Òun náà ń sùn.

Ó ku ẹyọ kan. Ní 15 oṣù kẹta, èèyàn mẹ́ta forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa láti inú ẹgbẹ́ WhatsApp ṣọ́ọ̀ṣì kan. A bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti gbọ́ nípa wa. Wọ́n ní ẹnì kan ló fi fídíò wa mẹ́ta àkọ́kọ́ sínú ẹgbẹ́ náà, pé kí gbogbo ẹni tó ń tajà wò ó dáadáa. Wọ́n fi hàn wá. Nọ́ńbà yín ló wà lórí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Fídíò yẹn kì í ṣe ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n a ò ní bá yín fà á. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà ní ẹ̀kọ́ keje.